Òpin Ọ̀sẹ̀ Olùkọ́ ní Ìlú Ọba

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí yóò rò pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Èmi ti dé oko ẹlòmíràn, mo sì rí i bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń wá àyè kékeré nínú rẹ̀ láti gbin irúgbìn tí wọ́n gbé láti ilé. Òpin ọ̀sẹ̀ ni àyè náà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíràmà, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú àròkọ yìí, nítorí pé ohun tí ó kọ́ mi nípa èdè Yorùbá kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà kí n tó gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù. N kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí ní Peckham, ní apá gúúsù ìlú náà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Olùkọ́ wọ́n ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù lásìkò náà, wọ́n sì ń gba àwọn olùkọ́ láti Ọsirélíà, Gúúsù Áfíríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Èmi náà rí iṣẹ́ láàárín wọn. Bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí ni pé tẹlifóònù yóò dún ní agogo méje àárọ̀, wọn yóò sọ fún mi pé olùkọ́ kan kò lè wá sí ẹnu iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan, èmi yóò sì sáré lọ dí àyè rẹ̀. Mo lè kọ́ni ní ìṣirò lónìí, kí n kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn lọ́la. Yorùbá tí mo kọ́ṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, n kì í gbọ́ orúkọ mi bí ó ti yẹ. Orúkọ onísílébù mẹ́rin tí bàbá mi sọ mí ti di onísílébù méjì lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, láìní ohùn òkè, láìní ohùn ìsàlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òkùnkùn ni mo fi ń jáde, òkùnkùn náà ni mo fi ń wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti obìnrin ọmọ ọdún méje. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń bá wọn sọ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló fà á: inú ń bí i sí wọn, tàbí òun àti ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ owó tí wọn kò fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. Èdè ìbáwí àti èdè àṣírí ni Yorùbá jẹ́ fún àwọn ọmọ náà. Ọmọkùnrin yẹn mọ “Ṣé orí rẹ pé?” ó sì mọ “Màá gbá ẹ létí,” ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn ní ọ̀sán.

Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ilé náà a yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi a bọ́ aṣọ iṣẹ́, a ró ìró. Àwọn aládùúgbò a gbé fọ́nrán fídíò eré Yorùbá wá, a ó sì jókòó wò ó títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣọ́ra ṣe fún ọjọ́ márùn-ún a wá máa pòwe, wọn a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ọjà. Òpópónà Rye Lane ni à ń lọ. Ẹ ó rí isu Gánà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ata rodo àti ẹja yíyan níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo lè gbọ́ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú, ti Èkìtì àti ti Ẹ̀gbá. Ẹlẹ́ran tí à ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó mọ ṣàkì, ó mọ pọ̀nmọ́, ó sì mọ̀ ọ́n sọ pé “Ẹ kú àárọ̀ o, màmá.” Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin wa tẹjú mọ́ ọn, ó wá bi ìyá rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí ẹlẹ́ran fi gbọ́ èdè tí òun kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń jẹun. Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹlẹ́ran kọ́ Yorùbá nítorí pé ó ń rí èrè níbẹ̀. Èrè wo ni ọmọ yìí ń rí níbẹ̀, yàtọ̀ sí ìgbátí?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta mìíràn, mo kó àwọn ọmọ náà lọ sí British Museum, nítorí pé wọn kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí wọ́n ṣí ní 2001, mo fi orí Ifẹ̀ kan tí wọ́n fi idẹ rọ hàn wọ́n. Agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti hú u jáde ní 1938, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti rọ ọ́. Ọmọbìnrin náà wò ó títí, ó wo ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lójú rẹ̀, ó wo adé orí rẹ̀, ó wá ní, “Uncle, èdè wo ni ẹni yìí ń sọ?” Mo dá a lóhùn pé èdè tí màmá rẹ̀ fi ń bá a wí ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń tàn án. Kò tíì gbọ́ ọ rí pé aládé kan sọ èdè náà.

Ní alẹ́, òde yá. Ẹ̀gbọ́n mi kì í pa òde jẹ: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ayẹyẹ àádọ́ta ọdún, gbogbo rẹ̀ ni a ń lọ. Gbọ̀ngàn tí wọ́n yá ni wọ́n sábà máa ń lò. Ìwé ìpè lè sọ pé agogo mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé ní agogo mẹ́fà yóò bá wọn to àga. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, aṣọ ẹbí ti kún inú ilé, òórùn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti gba afẹ́fẹ́. Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Láti 1988 ni wọ́n ti kó pọ́n-ùn kan oníbébà kúrò nílẹ̀ ní Ìńgíláàndì, pọ́n-ùn márùn-ún sì ni owó bébà tí ó kéré jù. Ta ni yóò máa lẹ pọ́n-ùn márùn-ún mọ́ iwájú onílù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Nítorí náà, àwọn ènìyàn wa a lọ ṣẹ́ owó sí dọ́là Amẹ́ríkà kan-kan, wọn a sì fi dọ́là náwó fún òṣèré ní ìlú Ọba! Yorùbá kì í jẹ́ kí òfin owó pa àríyá.

Níbi ọ̀kan nínú àríyá wọ̀nyí, onílù dùndún kan rí ọmọkùnrin wa níbi tí ó ti bu ẹran méjì sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kọjú sí i, ó fi ìlù bú u: ọmọ tó jẹran méjì, dìde kó o wá jó! Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa aṣọ mi, ó ní kí ni ìlù sọ. Mo sọ fún un. Ó béèrè bí igi àti awọ ṣe lè sọ̀rọ̀. Mo bá mú ṣíbí, mo fi lu ife olómi mẹ́ta tí omi wọn kò dọ́gba, dò, rè, mí, mo sì ṣàlàyé fún un pé ohùn mẹ́ta yìí ni ìlù ń kó jọ, pé ohùn kan náà ni ó ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó ti ń fi ṣíbí bú àbúrò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wá mi kiri ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta pé kí n kọ́ òun ní Yorùbá. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Kò fẹ́ kí ẹ̀rín tún kọjá lórí òun mọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú ni a máa ń pe ilé. Lẹ́yìn ìsìn, a ó ra káàdì tẹlifóònù, a ó fi owó ẹyọ ha á kí nọ́ńbà rẹ̀ lè hàn, a ó sì pe màmá wa ní Òṣogbo lórí fóònù alágbèéká tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin rà, nítorí pé láti 2001 ni irú fóònù yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ nílé. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ a sọ pé “Hello, Grandma,” wọn a sì dá fóònù padà fún ìyá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí fún ọdún púpọ̀. Ìyá àgbà ń gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kejì ọdún 2003, ọmọkùnrin náà gba fóònù, ó gbá a mọ́ etí, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, màmá àgbà. Mo jẹ ẹran méjì.” Fóònù dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín màmá mi láti ibi tí mo dúró sí. Ó bi í pé ẹran kí ni, ọmọ náà ní ẹran ewúrẹ́. Ó ní ta ló sè é, ó ní ìyá òun ni. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, oríkì ilé wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì tíì kì í dé ìdajì tí owó káàdì fi tán. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń nu ojú. Màmá mi papòdà ní 2005, kí àwọn ọmọ náà tó tún fojú kàn án. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀, ó sì ti kì wọ́n.

Mo padà sílé ní 2004, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń kọ́ni ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gíràmà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo rí ọmọ Peckham náà ní kíláàsì mi lójoojúmọ́. A bí i sí Èkó, a bí i sí Ìbàdàn, ìbáwí nìkan ni ó sì fi ń gbọ́ Yorùbá nílé. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá sọ ọ́ ní àgbàlá. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Òfin dára, ó ń fi Yorùbá sínú àtẹ àkókò ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi í sínú eré àwọn ọmọ?

Àwa ni. Èdè tí ọmọ kò bá fi ṣeré, kò ní fi ronú. Ní kíláàsì mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìparí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe ti ìwé. Àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń ṣe é, tàbí àwàdà, tàbí kí ẹnì kan fi ìka lu tábìlì kí àwọn yòókù sọ òwe tí ó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí a bá fi ìka lu òwe báyìí ni àmì ohùn tí wọ́n ń sá fún láti ọjọ́ Ajé máa ń yé wọn. Ẹ dán an wò, kò gba owó, kò gba irinṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ àṣetiléwá tiyín rèé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, ẹ jókòó ti àgbàlagbà kan nínú ilé yín, tàbí kí ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ ní kí ó kì yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì kà á fún un padà. Ẹ má ṣe dúró de ìsinmi ńlá, owó káàdì kì í pẹ́ tán.