Ìrìnàjò Eyín Tó Ń Mì

Erìgì ni ẹran rírọ̀ tó yí ẹsẹ̀ eyín ká. Lábẹ́ rẹ̀ ni egungun àgbọ̀n wà, inú egungun náà sì ni gbòǹgbò eyín rì sí. Eyín kò lẹ̀ mọ́ egungun ní tààrà. Àwọn okùn ara tín-ín-rín tí kò lóǹkà ló so méjèèjì pọ̀. Àwọn ló ń gba agbára tó ń bọ́ sórí eyín nígbà tí èèyàn bá ń họ eegun tàbí tó ń fi eyín pa ẹ̀kúrọ́. Nítorí náà, bí eyín bá ń mì, ilẹ̀ tó dúró lé ló sábà máa ń ní ìṣòro, kì í ṣe eyín fúnra rẹ̀. Funfun niyì eyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín lè funfun kinkin láìní ihò kan ṣoṣo, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti máa jẹ lọ bí ìpìlẹ̀ ilé tí ọ̀gbàrá ń gbẹ́. Àrùn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ yìí kì í sábà sáré. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rìn, ó sì ní àwọn ibùdó tí a ti lè dá a dúró. Òǹkọ̀wé yìí bá a rìn kọjá ibùdó méjì kó tó yà sí ilé ìwòsàn.

Ibùdó kìíní ni ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Wákàtí mélòó kan péré lẹ́yìn tí èèyàn bá fọ ẹnu tán, nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń yọ̀ yóò tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo eyín. Kì í ṣe oúnjẹ ló há síbẹ̀. Bakitéríà, ẹ̀dá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ló kóra jọ síbẹ̀ tó ń kọ́lé. Bí a kò bá ká wọn kúrò, àwọn èròjà inú itọ́ yóò sọ ilé náà di líle bí òkúta láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ ló ti máa ń pọ̀ jù, nítorí pé itọ́ ń sun jáde nítòsí ibẹ̀, lábẹ́ ahọ́n. Ìdọ̀tí tó bá ti di òkúta kò gbọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì mọ́, kò sì gbọ́ ti orin.

Ní ọdún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, gbé àbájáde ìdánwò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn 12 tí erìgì wọn le koko ló gbà láti jáwọ́ nínú fífọ ẹnu. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, erìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹnu, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni erìgì wọn fi padà sípò. Ìdánwò náà fi hàn pé wíwú erìgì ní ibùdó kìíní ṣeé wò sàn pátápátá, àti pé ọwọ́ ẹni tó ni ẹnu ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwòsàn náà wà.

Ẹ̀jẹ̀ ni àmì ibùdó yìí. Àwọn ìwé ìṣègùn sábà máa ń sọ pé erìgì tó ń ṣàìsàn a máa pọ́n, ṣùgbọ́n erìgì ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú ní àwọ̀ dúdú láti ilẹ̀ wá, pípọ́n rẹ̀ kì í sì í tètè hàn. Ẹ̀jẹ̀ lórí búrọ́ọ̀ṣì tàbí nínú itọ́ tí a tu dànù ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣọ́. Àwọn tó ń mu sìgá kò gbọdọ̀ gbára lé èyí pàápàá, nítorí pé sìgá máa ń dín ẹ̀jẹ̀ náà kù, àrùn yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni òǹkọ̀wé yìí fi rí ẹ̀jẹ̀ lórí búrọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe lòun náà ṣe: ó ń yẹra fún ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu, ó sì ń sọ pé kò kúkú dun òun. Omi iyọ̀ máa ń tu erìgì tó wú lára, ṣùgbọ́n kò lè ká òkúta kúrò lára eyín. Áásà tí àwọn àgbà kan ń fi sí erìgì burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé tábà ni, ó sì ń pa erìgì lára. Ibi tí èèyàn bá sì yẹra fún ni ìdọ̀tí ti ń pọ̀ sí i.

Ibùdó kejì ni ìgbà tí àrùn bá ti wọ abẹ́ erìgì. Erìgì yóò là kúrò lára eyín, àpò yóò sì wà láàárín wọn tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ara yóò dìde láti bá bakitéríà inú àpò náà jà, inú ìjà yìí gan-an ni egungun tó di eyín mú ti ń jẹ lọ. Egungun tó bá ti lọ kì í hù padà fúnra rẹ̀. Ẹnu yóò máa rùn, oúnjẹ yóò máa há, ọyún lè máa jáde, eyín yóò sì dà bí ẹni pé ó gùn sí i nítorí pé erìgì ti fà sẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà lágbàáyé ló ní èyí tó le nínú àrùn yìí, iye wọn sì ju bílíọ̀nù kan lọ. Sìgá àti àtọ̀gbẹ ló máa ń dá kún un jù. Ti àtọ̀gbẹ tilẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ ni: ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba erìgì jẹ́, erìgì tó ń ṣàìsàn náà sì ń mú kí ṣúgà ṣòro láti káwọ́. Àrùn erìgì yìí tún máa ń rìn nínú ẹbí.

Àmì kan wà tó rọrùn láti ṣì mú láàárín Yorùbá. Èjí jẹ́ ẹwà, àwọn kan tilẹ̀ máa ń sanwó kí wọ́n lè pa á síwájú ẹnu. Ṣùgbọ́n èjí gidi ti máa ń wà láti ìgbà tí eyín àgbà ti hù. Àlàfo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là lẹ́yìn ogójì ọdún, tó sì ń fẹ̀ sí i, eyín tó ń sún kúrò ní ipò rẹ̀ ni. Nígbà tí irú rẹ̀ là láàárín eyín iwájú òǹkọ̀wé yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí pé, “Àbúrò mi, èjí yìí mà yẹ ọ́ o.” Ọdún kan gbáko kọjá kó tó hàn pé àrùn ló là á.

Ní ilé ìwòsàn, wíwọ̀n ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Dókítà yóò fi irin tín-ín-rín tó ní àmì mìlímítà lára wọn ibi mẹ́fà yí eyín kọ̀ọ̀kan ká. Mìlímítà 1 sí 3 dára. 4 sókè jẹ́ àpò. 6 sókè jìn. Yóò tún ya àwòrán X-ray láti mọ egungun tó kù, yóò sì wo bí eyín ṣe ń mì. Ipele mẹ́ta ni mímì ní: èyí tó ń mì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ju mìlímítà 1 lọ, èyí tó jù bẹ́ẹ̀, àti èyí tó ń rì sókè-sódò nínú ihò rẹ̀. Ti òǹkọ̀wé yìí, eyín iwájú ìsàlẹ̀ méjì wà ní ipele kìíní, ọ̀kan lókè wà ní ipele kejì, eyín ńlá kan lẹ́yìn lókè sì ti dé ipele kẹta.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú híha òkúta kúrò, èyí tí àwọn ará ilé ìwòsàn ń pè ní scaling. Fún àpò tó jìn, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ibẹ̀ kú tipiri ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún, wọn yóò wá ha gbòǹgbò eyín lábẹ́ erìgì títí yóò fi dán. Ìgbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹnu. Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún un nítorí ìgbàgbọ́ pé híha ló ń mú eyín mì. Ohun tó bí ìgbàgbọ́ náà kò ṣòroó rí. Òkúta tó pọ̀ lè so eyín méjì pọ̀ bí símẹ́ǹtì; bí a bá yọ ọ́, mímì tó ti wà tẹ́lẹ̀ yóò fara hàn. Erìgì tó wú náà yóò fọn, àlàfo yóò yọ, omi tútù yóò sì máa ta eyín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, erìgì yóò le, yóò sì tún fún mọ́ eyín, ọ̀pọ̀ eyín tó ń mì díẹ̀ yóò sì dúró sí i.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ló ń gbé iṣẹ́ dókítà ró. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ́dọ̀ kan ibi tí eyín àti erìgì ti pàdé. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó kéré tán, ni búrọ́ọ̀ṣì tóóró gbọ́dọ̀ gba àárín eyín kọjá, nítorí pé ibẹ̀ ni àpò pọ̀ sí jù. Orin àtà àti pákò Ìjẹ̀bú dára fún iwájú eyín tí ẹni tó ń rún wọn bá fara balẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í rọrùn láti dé àárín eyín àti ẹ̀yìn àwọn eyín ńlá. Oògùn tí èèyàn fúnra rẹ̀ rà ní kẹ́míìsì kò lè rọ́pò híha. Ó lè mú wíwú rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òkúta yóò sì wà níbi tó wà.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta, wọn yóò tún wọn àpò. Èyí tó ṣì jìn lè gba iṣẹ́ abẹ, níbi tí wọ́n ti ń ṣí erìgì kí ọwọ́ lè dé gbòǹgbò dáadáa. Ní àwọn ibi tí ihò egungun bá bá a mu, dókítà lè fi èròjà tó ń ran egungun lọ́wọ́ láti hù síbẹ̀. Eyín tó bá ṣì ń mì débi tí kò jẹ́ kí èèyàn lè jẹun, wọ́n lè fi wáyà tín-ín-rín dì í pọ̀ mọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wáyà náà kò wo àrùn. Ó kàn ń bá eyín gbé ẹrù. Eyín tí kò bá sí ilẹ̀ fún mọ́, yíyọ ló kù. Eyín ńlá ẹ̀yìn òǹkọ̀wé yìí lọ bẹ́ẹ̀. Méjì ìsàlẹ̀ dúró, wọ́n sì di èyí tó wà ní ipele kejì pọ̀ mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó ṣì wà lẹ́nu.

Ìrìn yìí kò parí síbẹ̀, nítorí pé bakitéríà kì í jáwọ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pe aláìsàn padà. Ní ọdún 1978, Hirschfeld àti Wasserman ní Amẹ́ríkà ròyìn èèyàn 600 tí wọ́n tọ́jú erìgì wọn, tí wọ́n sì ń ṣe àyẹ̀wò wọn fún nǹkan bí ọdún 22: èyí tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ kò pàdánù ju eyín mẹ́ta lọ, àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ pàdánù ọ̀kan. Eyín tó ń mì kò ní láti bọ́, bí ìtọ́jú bá dé nígbà tí egungun ṣì kù, tí ọwọ́ ẹni tó ni í kò sì sinmi. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lórí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló súnmọ́ ìwòsàn jù, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí egungun rẹ̀ ṣì pé.