Arúgbó tí Ó Fẹ́ Dá Dúró

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn kúkúrú Yorùbá, tí èmi náà sì ń gbìyànjú láti kọ díẹ̀. Ohun kan ni ó máa ń kọ mí lóminú níbẹ̀: ipò tí à ń fi àwọn arúgbó sí. Bí arúgbó bá yọjú nínú ìtàn wa, yálà kí ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n tí yóò pa òwe kan kí ó tó kú, tàbí àjẹ́ tí gbogbo agboolé ń fura sí, tàbí òkú tí àwọn ọmọ ń jà sí ogún rẹ̀. Arúgbó tí ó ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́, tí ó sì ń jà fún un, ṣọ̀wọ́n.

Òwe wa pàápàá dá kún un. A ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Èmi kò kọ òwe yìí. Ẹni tí ó tọ́mọ yẹ kí ó jẹ èrè ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òkété náà dáadáa. Ẹni tí ń mu ọmú kọ́ ni í yan ìgbà tí yóò mu ún. Ìgbà tí ó bá wu ọlọ́mú ni. N kò sì tíì gbọ́ òwe yìí lẹ́nu òkété rí, àwọn ọmọ ni ó sábà máa ń pa á.

Mo mọ ìyá kan ní Adó-Èkìtì tí ó ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Èkó, wọ́n ní ó tó àsìkò kí ó sinmi. Wọn kò fi oúnjẹ dù ú, wọn kò sì fi ojú di í. Ṣùgbọ́n géètì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀. Bí ìyá bá so gèlè, wọn a ní, “Màmá, níbo lẹ fẹ́ lọ?” Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí òun ti bí àkọ́bí òun, ẹnikẹ́ni kò bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Kò lò tó ọdún kan tí ó fi padà sí Adó. “Ẹrù ni wọ́n ń gbé pamọ́,” ni ó wí, “èmi kì í ṣe ẹrù.”

Ní ọdún 2011, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn arúgbó aláìní tí ọjọ́ orí wọn ti tó ọdún 65. Iye àwọn tí ń gbà á lé ní 20,000. Owó arúgbó ni àwọn ará ìlú ń pè é. Owó náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye rẹ̀ ni ìyá yìí ń rò. Orúkọ ara rẹ̀ ni ó fi ń gbà á. Ó ra oògùn ẹsẹ̀ láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó rí nǹkan fi sí igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ₦200. Ẹ̀rín ni ó fi ń sọ ti ọmọ-ọmọ yìí. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Ìyá wá ń pàtẹ èlùbọ́ díẹ̀ síwájú ilé.

Bí a bá fẹ́ kọ èyí ní ìtàn, níbo ni ìjà wà? Kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn ìyá wọn tọkàntọkàn, ohun tí ó mú ọ̀ràn náà le nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtàn kúkúrú ni ó yẹ ẹ́. Ìtàn àròsọ gígùn lè béèrè pé kí ẹnìkan kú. Ìtàn kúkúrú lè dúró lórí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo.

Nínú èyí tí mo ń kọ lọ́wọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé mọ́tò dé láti Èkó láti tún wá mú un. Ìyá fi èlùbọ́ ara rẹ̀ ro ọkà fún un. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó ka owó epo tí ọmọ náà yóò rà padà sí Èkó, ó nà án sí i. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. N kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ náà yóò gbà á.