Ẹni Tí Ó Fi Àmì Sí Orúkọ Wa Nínú Kọ̀ǹpútà

Bí olùkọ́ bá ní kí a dárúkọ ẹni tí ó ṣe gudugudu méje àti yàyà mẹ́fà nídìí kọ̀ǹpútà, orúkọ òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. A ó ní Bill Gates, a ó ní Steve Jobs. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni gbogbo wa ń lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú àròkọ yìí kò jìnnà sí wa. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1981, Yorùbá sì ni èdè abínibí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Kọ́lá Túbọ̀sún. Ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ó jẹ́ akéwì, ó jẹ́ olóòtú ìwé àtìgbàdégbà, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe sọ́fítíwíà tí ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè kọ orúkọ wa bí a ṣe ń pè é.

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí Kọ́lá Túbọ̀sún ti jáde, ilé ọ̀rọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ni Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, akéwì àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Ẹ bi àwọn òbí yín àgbà léèrè. Púpọ̀ nínú wọn yóò rántí ohùn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wọ Yunifásítì Ìbàdàn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni ó kọ́. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ó kà, ó sì parí rẹ̀ ní 2005. Orí orúkọ Yorùbá ni ó ti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀: ó fẹ́ kí ènìyàn lè rí orúkọ lórí kọ̀ǹpútà, kí ó rí ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó sì gbọ́ bí a ṣe ń pè é. Ní 2009 ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó lọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní yunifásítì Southern Illinois tí ó wà ní Edwardsville.

Ní 2012, òun àti àwọn mìíràn ké sí àwọn ọmọ Yorùbá pé kí wọ́n fi odidi ọjọ́ kan kọ Yorùbá lórí Twitter, kí ilé-iṣẹ́ náà lè mọ̀ pé èdè wa náà tó èdè tí wọ́n lè túmọ̀ ojú-ewé wọn sí. Nígbà tí ó di 2015, ó tún gbé iṣẹ́ ilé-ìwé ìjọ́sí dìde. Ó tọrọ owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, òun àti àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì jọ kọ́ YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí gbogbo ayé lè ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ tirẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò ní bọ́ síta títí olóòtú yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé àmì rẹ̀ pé? Ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ tọ̀nà? Báwo ni a ṣe lè tú u sí wẹ́wẹ́, bí a ṣe ń tú Babátúndé sí bàbá, tún àti dé?

Ní 2016, ẹgbẹ́ náà gbé sọ́fítíwíà kíbọ́ọ̀dù jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún Yorùbá àti Ìgbò, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac. Kí ẹ lè mọ rírì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ń fa wàhálà láàárín kọ̀ǹpútà àti àmì ohùn.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ètò nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ASCII ní 1963, àyè 128 péré ni ó wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi sọ́kàn. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ètò tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, tí ó sì ń gba lẹ́tà oríṣiríṣi èdè àgbáyé mọ́ra. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn ará Vietnam náà ń lò ó. É ní nọ́ńbà tirẹ̀; àwọn Faransé ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì lókè tí ó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti kọ́kọ́ kọ ẹ, kí á tó gbé àmì lé e lórí. Bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, àmì náà yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí àpótí òfìfo jáde dípò rẹ̀. Iṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù náà ni pé kí ènìyàn má ṣe máa wá àmì kiri mọ́, kí ó kàn tẹ bọ́tìnnì kí lẹ́tà àti àmì sì jáde.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ní Abúlé Ẹ̀gbá, kò jìnnà sí títì Èkó sí Abẹ́òkúta. A ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, a ń tẹ káàdì, a sì ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Èmi ni mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ní ọdún tó kọjá, bàbá kan wọlé pẹ̀lú ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ti bá a tẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n kọ “Olóògbé Ojo” gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, láìsí àmì kankan lórí orúkọ náà.

“Ọmọ mi, ka èyí sí mi létí,” ni bàbá náà wí.

“Bàbá, mo rò pé Òjó ni wọ́n fẹ́ kọ.”

“Òjó ni. Bàbá mi gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé ni. Ṣùgbọ́n ojo ni àwọn ọmọ ilé kà, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kì í ṣe ojo. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà kò gba àmì.”

Mo ní, “Ó gbà á, sà. Ẹ jókòó.”

Ojú-ewé mẹ́jọ ni ìwé náà, orúkọ àwọn ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àna sì kún inú rẹ̀. Inú màmá mi kò kọ́kọ́ dùn sí i. Kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ ni a tàn, ó sì ń pariwo láti ìta pé epo ń jó, pé iye tí a máa ń gbà kò yí padà nítorí àmì. Òótọ́ ni ó sọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Nígbà tí a dé orí orúkọ ìyá olóògbé, bàbá náà dákẹ́. Láìsí àmì ni ó ti ń rí i láti kékeré, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní Ìlaròó lórí fóònù. Ìyá náà pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, èmi sì ń gbé àmì lé e bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè tí ó sì ń wá sílẹ̀. Bí ìyá yẹn bá ti lọ ṣáájú ọjọ́ náà, ta ni à bá bi?

Ìbéèrè yìí ni ó jẹ́ kí n rí ohun tí ó so iṣẹ́ méjèèjì Kọ́lá Túbọ̀sún pọ̀. Ó dá ìwé àtìgbàdégbà OlongoAfrica sílẹ̀, ó sì ń ṣe olóòtú rẹ̀. Kí ni iṣẹ́ olóòtú? Ó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, ó ń bi í bóyá ohun tí ó ní lọ́kàn nìyí, ó sì ń rí i pé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé láìyí padà. Iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà kíbọ́ọ̀dù ń ṣe náà nìyẹn. Kí Òjó kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀, kí ó gba inú kọ̀ǹpútà kọjá, kí ó sì jẹ́ Òjó lójú ẹni tí ń kà á.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ rìn lójú ọ̀nà yìí. Ṣáájú rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá ti dá ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Alt-i sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Bí a bá sì padà sẹ́yìn dé 1859, Henry Townsend ni ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, ìlú tí títì àdúgbò wa ń lọ. Òun ni ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá, òun náà ni olóòtú. Ní 2019, Kọ́lá Túbọ̀sún lọ sí ilé-ìkàwé British Library ní Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe ìwádìí lórí irú àwọn ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Áfíríkà.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń sọ pé àmì kò pọn dandan, pé ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí a ń sọ. Lórí fóònù láàárín ọ̀rẹ́ méjì, mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn tí ó lè ran orúkọ tí ó dá dúró lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bí a kò bá fi hàn án. Google mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba Kọ́lá Túbọ̀sún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ, tí ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe ohùn Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà tí wọ́n gbé jáde ní 2019. Ní 2016, Ostana, abúlé orí òkè kan ní Ítálì tí àwọn ará ibẹ̀ ń dáàbò bo èdè tiwọn tí ń jẹ́ Occitan, fún un ní ẹ̀bùn pàtàkì lórí èdè abínibí. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà.

Nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì wa, èmi nìkan ni mo forúkọ sílẹ̀ fún Yorùbá nínú ìdánwò WAEC, mọ́ físíìsì àti ìṣirò. Bàbá mi fẹ́ kí n ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi Yorùbá ṣe, ṣé yóò bọ́ mi. Mo sọ fún un pé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà náà ni màá kà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò máa sọ. Kò tíì fọwọ́ sí i tán. Ó ní òun yóò wo èsì ìdánwò mi ná.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa rò pé ọmọ sáyẹ́ǹsì ti bọ́ lọ́wọ́ Yorùbá. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ pe orúkọ àwọn ìyá yín àgbà sí wa létí nísinsìnyí tí ẹ̀yin ṣì mọ bí a ṣe ń pè é. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kíbọ́ọ̀dù ti wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi orúkọ tiyín bẹ̀rẹ̀.