Yangí Abẹ́ Yanrìn

Bí ènìyàn bá kúrò ní Ọ̀rẹ̀, tí ó kẹ̀yìn sí títì ńlá tí ó so Èkó mọ́ Benin, tí ó dojú kọ gúúsù lọ sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí i. Pupa ni. Ó pupa lẹ́bàá títì, ó pupa lára ògiri ilé àtijọ́, ó pupa ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn tí wọ́n sọ ìlú ní Òkìtìpupa kò wá orúkọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àyèká, ìlú bàbá mi, kò jìnnà sí ibẹ̀, àwọ̀ kan náà sì ni ilẹ̀ wọn.

Kì í ṣe ọdún tàbí ìnáwó ni ó gbé mi débẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwa ọmọ mẹ́rin tí bàbá wa bí ti fẹnu kò pé kí a ta oko tí ó fi sílẹ̀, ẹnìkan sì ti yọjú tí ó fẹ́ kọ́ ilé sí i. Ó ní kí a jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ òun gbẹ́ ilẹ̀ náà wò kí òun tó san owó. Èmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi yàn láti lọ dúró tì wọ́n. Mo gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kì í dùn sí oko yẹn láti kékeré.

Ní 1986 ni ìjọba àpapọ̀ pa àjọ tí ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ rẹ́. Owó kòkó fò sókè, gbogbo ilé sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá wa, ẹni tí ó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, kó owó tí ó ti ń tọ́jú fún ilé-ìwé gíga ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ó fi ra ọmọ kòkó inú ọ̀rá, ó sì gbìn wọ́n ní 1987. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, èmi náà sì pọn omi sí wọn. Ní ọdún kejì, àwọn igi náà tutù yọ̀yọ̀. Ní ọdún kẹrin, ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí wá sísàlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹfà, igi ìdáná ni a fi wọ́n ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Èkó. Àwọn ará ilé ní bàbá wa kò tọ́jú oko ni, wọ́n ní ẹmu ni kò jẹ́ kí ó ráyè. Èsì kan ṣoṣo ni ó máa ń fọ̀: "Ilẹ̀ ló kọ̀ ọ́." A máa ń fi èsì yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sì bá a sọ ju ẹ kú àárọ̀ lọ mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ́ wọ òkè ilẹ̀ náà bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ọ̀ọ̀lẹ̀. Yanrìn ni, ó fúyẹ́, ó sì ń yọ́ bọ́ láàárín ìka. Kòtò náà kò tíì dé orúnkún tí díígà fi dún gbàǹgà, tí ó ta padà sókè.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, òkúta ló wà níbí o."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo fọwọ́ gbá yanrìn kúrò lójú rẹ̀. Kì í ṣe òkúta. Yangí ni: ó pọ́n bí irin tí ó ti dípẹtà, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, àwọn hóró tí kò ju ẹ̀wà lọ sì lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹni pé ẹnìkan da sìmẹ́ǹtì sí wọn. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ibòmíràn. Ihò mẹ́ta ni a tún gbẹ́ lórí òkè náà, yangí náà ni a sì bá nínú gbogbo wọn. Níbi tí ilẹ̀ ti dà sísàlẹ̀ lọ sí etí odò nìkan ni yanrìn ti jinlẹ̀ ju ènìyàn lọ, bí ó ti rí ní púpọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè yẹn.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní orúkọ fún un. Nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1807, Francis Buchanan, ará Scotland, kọ nípa irú ilẹ̀ yìí tí ó rí ní gúúsù India, tí àwọn ará ibẹ̀ ń gé nígbà tí ó rọ̀, tí atẹ́gùn sì ń sọ di líle fún ilé kíkọ́. Ó pè é ní laterite, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí bíríkì. Àwọn baba ńlá wa kò dúró dè é kí wọ́n tó dá yangí mọ̀; wọ́n ti gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún Èṣù láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Irin ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, irin kan náà tí ó fún ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní àwọ̀ pupa. Òjò ibẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 mìlímítà lọ́dún. Nígbà tí omi bá kún inú ilẹ̀ tí atẹ́gùn kò ráyè wọlé, irin á yọ́ sínú omi, á bá a rìn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí atẹ́gùn padà, irin á dì síbi tí ó bá dé, á sì lẹ yanrìn pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú aṣálẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, irú pẹpẹ líle bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ yanrìn, ṣùgbọ́n ohun funfun bí ẹfun ni ó lẹ tiwọn pọ̀, nítorí pé òjò ibẹ̀ kéré ju èyí tí ó lè fọ̀ ọ́ lọ. Níbi tí òjò ti wọ́n àti níbi tí ó ti pọ̀, igi tí ó bá fẹ́ ta gbòǹgbò yóò bá ilẹ̀kùn títì.

Kòkó kì í sì í gba ilẹ̀kùn títì. Olú gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ tí ó jìn tó mítà kan àbọ̀. Èyí tí bàbá wa ní kò tó ìdajì mítà. Ní ìgbà òjò, omi á dúró lórí yangí bí ẹni pé inú àwo ni ó wà, gbòǹgbò á sì rà. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, yanrìn díẹ̀ tí ó wà lókè kò lè di omi mú, ohun tí ó ṣẹ́kù nínú gbòǹgbò á sì gbẹ. Ọdún méjì àkọ́kọ́, tí gbòǹgbò kò tíì kan ìsàlẹ̀, ni ó tan gbogbo wa jẹ.

Mo rántí Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ Burkina Faso tí ó kú ní 2023, ẹni tí ó gbẹ́ kòtò kéékèèké sí ilẹ̀ líle, tí ó kó ìgbẹ́ ẹran sí wọn, tí ikán sì bá a lu ilẹ̀ náà jáde títí ó fi di igbó. Àmọ́ ilẹ̀ tirẹ̀ le lójú, gbogbo ènìyàn sì rí i. Tiwa le nínú, ó wá fi yanrìn bojú. N kò rò pé kòtò bẹ́ẹ̀ ì bá gba kòkó yẹn là. Ẹ̀gẹ́ ni ì bá ṣe é, òun tí a fi ń ṣe púpurú, nítorí òkè ilẹ̀ ni ó ń ta sí, yanrìn sì rọrùn láti fà á nínú rẹ̀. Ọ̀pẹ pàápàá kò ní olú gbòǹgbò. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi bá ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tọ̀ wá wá sóko. Ó wo inú kòtò náà pẹ́.

Ó ní, "Bàbá yín sọ fún yín."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, mà. Kí ló dé tí ẹ kò gbè é?"

"Ta ni ó gbẹ́lẹ̀ wò nígbà náà, ọmọ mi?"

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìpè náà ti já.

Ó béèrè pé, "Ṣé ó tó orúnkún?"

"Kò tó o, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Gbogbo òkè yẹn?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ kò bínú rárá. Ó ní ìpìlẹ̀ ilé yóò dúró dáadáa lórí yangí, pé kòtò ṣalángá nìkan ni yóò le díẹ̀ nítorí omi kò ní tètè mu. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ta òkè fún un, kí a má fọwọ́ kan apá etí odò. Ó ní òun yóò wá sílé lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Kí ó tó pa fóònù, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun mú ẹyọ kan nínú yangí náà bọ̀. Èyí tí ó tó orí ọmọ tuntun ni mo mú, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ púpurú tí àbúrò bàbá mi dì fún wa.