Àwa Tí À Ń Ka Ẹja Lódò Dee

Bí Yorùbá méjì bá pàdé nílùú Aberdeen ní Scotland, kì í pẹ́ tí ọ̀kan á fi bi èkejì pé iléeṣẹ́ epo wo ló wà. Epo rọ̀bì inú Òkun Àríwá ló gbé ọ̀pọ̀ wa débẹ̀. Tí mo bá ní ẹja ni mò ń kà, wọ́n á rò pé mò ń ṣàwàdà. Ẹja sámọ́nù ni, nínú odò Dee tó ń ṣàn láti orí òkè Cairngorms títí dé èbúté Aberdeen. Iṣẹ́ àtijọ́ ni, àmọ́ òkú ẹja ni àwọn tó ṣe é ṣáájú wa ń kà.

Òfin ọdún 1862 àti 1868 ló dá ìgbìmọ̀ odò sílẹ̀ káàkiri Scotland. Àwọn tó ni ẹ̀tọ́ ẹja pípa ló ń dáwó, ìgbìmọ̀ á sì gba ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ á máa lé àwọn tó ń jí ẹja pa lóru, á sì máa rí i pé kò sí àwọ̀n lómi ní àkókò tí òfin ní kí odò sinmi. Iye tí àwọ̀n àti ìwọ̀ bá kó ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ìwé wọ̀nyẹn ṣì ń wúlò fún wa, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà nínú wọn: bí apẹja bá pọ̀ sí i, ìwé á sọ pé ẹja ló pọ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń pa á tán lọ.

Ìpẹ́ ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu apẹja. Ní nǹkan bí ọdún 1905, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Johnston, tó ń yẹ ẹja odò Tay wò, fi hàn pé ọjọ́ orí sámọ́nù wà lára ìpẹ́ rẹ̀. Nígbà ooru, tí oúnjẹ bá wà, ìlà róbótó orí ìpẹ́ á jìnnà síra. Nígbà òtútù, wọ́n á fún mọ́ra. Ìlà ìgbà tí ẹja wà lódò kéré, ti òkun gbòòrò, torí inú òkun ni jíjẹ wà. Sámọ́nù kì í jẹun mọ́ tó bá ti padà sódò wá yé ẹyin. Ara rẹ̀ ló ń jẹ, títí kan etí ìpẹ́, àpá rẹ̀ kì í sì í parẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ẹ ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ìpẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn lẹbẹ òkè, ẹ ó nù ún, ẹ ó gbé e sábẹ́ maikirosikópù, ìpẹ́ bíńtín yẹn á sì sọ fún yín pé ọdún mẹ́ta lòun lò lódò, méjì lókun, òun sì ti yé ẹyin rí lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni dáàmù iná mànàmáná dé. Ní ìlú Pitlochry ní Scotland, wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn oníkòtò omi 34 kí ẹja lè gun dáàmù kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di pé ẹja mélòó ló kọjá. Ní 1953, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Lethlean tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ẹ̀rọ tó ń fi iná ka ẹja: ara ẹja ń gba iná kọjá ju omi odò lọ, nítorí náà tó bá gba orí wáyà kọjá, ẹ̀rọ á mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí a ń lò báyìí, ọmọ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọn kò mọ sámọ́nù yàtọ̀ sí ìbátan rẹ̀ tí wọ́n bá jọ tóbi, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé kámẹ́rà tì í.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ wa ti gbọ́n gan-an ni Girnock, odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ Dee lókè ìlú Ballater. Ní 1966 wọ́n ṣe ìgèrè síbẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí apẹja ń hun nílé o, èyí tí wọ́n mọ sínú odò ni. Ọ̀kan ń dá àwọn àgbà tó ń ti òkun bọ̀ dúró, èkejì ń dá àwọn ọmọ tó ń lọ sókun dúró. Wọ́n á kà wọ́n, wọ́n á tú wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi iye tó lọ wé iye tó bọ̀ lọ́dọọdún, ó hàn pé àwọn tó ń lọ tí kò bọ̀ mọ́ ń pọ̀ sí i.

Níbo ni wọ́n ń lọ? Ní 1956 ni wọ́n mú sámọ́nù kan ní Greenland tó ní àmì tí wọ́n fi sí i lára ní Scotland. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ẹja dé ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1971, ohun tí wọ́n kó lọ́dún kan ti lé ní 2,500 tọ́ọ̀nù. Àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn, wọ́n dá NASCO, àjọ tó ń rí sí ààbò sámọ́nù, sílẹ̀ sí Edinburgh, ìpẹja náà sì dín kù gidigidi. Àwọn ẹja kò tìtorí bẹ́ẹ̀ padà.

Ojútùú tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn ni ọmọ ẹja tí a fi ọwọ́ tọ́. Wọ́n á tẹ ẹyin jáde lára abo, wọ́n á fún àtọ̀ akọ lé e, wọ́n á tọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ọpọ́n, wọ́n á wá dà á sódò níwájú oníròyìn. Ó dùn ún wò. Èmi kò gbà á gbọ́, odò Thames sì ni ẹlẹ́rìí mi. Ìdọ̀tí London lé sámọ́nù kúrò níbẹ̀. 1833 ni wọ́n ní èyí tó gbẹ̀yìn kọjá. Omi wá mọ́ díẹ̀, ní 1974 wọ́n rí ọ̀kan ní iléeṣẹ́ iná West Thurrock, ni wọ́n bá ń da ọmọ ẹja sódò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2011, àwọn olùwádìí Yunifásítì Exeter yẹ àbùdá àwọn tó ń padà wá wò. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn kì í ṣe ọmọ tí wọ́n dà sílẹ̀; láti àwọn odò mìíràn ní gúúsù England ni wọ́n ti ṣìnà wá.

Ọmọ ẹja tí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ yé sódò ni à ń wá. Nígbà ooru, ẹnìkan nínú wa á gbé bátìrì sẹ́yìn, á wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, á di ọ̀pá tí òrùka irin wà nídìí rẹ̀ mú. Tó bá tẹ iná, ọmọ sámọ́nù á jáde lábẹ́ òkúta, á wá sọ́dọ̀ òrùka náà fúnra rẹ̀, ẹnìkejì á sì fi àwọ̀n gbé e sínú garawa. A ń kán òróró kànáfùrù sómi kó lè sùn díẹ̀ ká tó wọ̀n ọ́n. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀. Àmì dúdú-dúdú tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí àmì yẹn bá pòórá, tí ara rẹ̀ di fàdákà, ó ń lọ sókun nìyẹn.

Nígbà kan, ibi tí mọ́tò dé tí ẹja sì pọ̀ ni olúkúlùkù máa ń yàn, kí ìròyìn lè dùn. Láti 2018, kọ̀ǹpútà ló ń ṣa ibi tí a ó lọ jákèjádò Scotland, ì báà jẹ́ àárín ẹrẹ̀. Mo ń kùn, àmọ́ mo fara mọ́ ọn.

Ní 2023, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá, ka sámọ́nù erékùṣù Great Britain mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun. Iye tí ìwọ̀ mú ní Scotland lọ́dún náà ló kéré jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1952. Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja lódò Dee ti ń dá ẹja padà somi láti àárín àwọn ọdún 1990, nítorí náà kò sí ẹni tí a tún fẹ́ bẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òkun kọjá agbára wa. Odò ló kù: tó bá gbóná kọjá ìwọ̀n 23 Celsius, ara ń ni sámọ́nù, etí odò lókè sì ti di ìhòòhò, torí àgbọ̀nrín àti àgùntàn ti jẹ ọmọ igi tán. A ń gbin igi, a ń fi ọgbà yí i ká. A tún ń wọ́ odidi igi tòun ti gbòǹgbò sínú odò kí omi lè gbẹ́ kòtò tí ẹja á sá sí, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ ló ń kó irú igi bẹ́ẹ̀ kúrò. Bàbá kan tó ti ń tọ́ àwọn apẹja sọ́nà létí Dee láti ìgbà èwe rẹ̀ (orúkọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, ẹnu mi kò gbà á) ní igi wa á máa já ìwọ̀ àwọn oníbàárà òun. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ní kí wọ́n má bínú, katakata sì ń wọ́ ìkejì bọ̀.