Ohun Tí Àǹtí Wa Kò Tíì Rí ní Lọ́ńdọ̀nù

Kí a tó kúrò nílé ní Ìkòsí, nǹkan mẹ́ta ni Màámi ní kí a bá àwọn gbé fún Àǹtí ní Lọ́ńdọ̀nù: èlùbọ́, irú tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́rin wé kó má baà rùn nínú bàálù, àti ìbéèrè kan. Èlùbọ́ àti irú wọnú àpótí. Ìbéèrè náà, ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ti sọ ọ́ sí wa létí: "Ẹ bá mi bi àbúrò mi pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé."

Ìbejì ni wá. Ẹni tó bá rán ọ̀kan níṣẹ́, àwa méjèèjì ló rán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí wúwo ju èlùbọ́ lọ. Àǹtí fi Kétu sílẹ̀ ní 2005, nígbà tí a ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, wọn ò sì wálé rí láti ìgbà náà. Nígbà tí Màmá àgbà kú, orí fóònù ni Àǹtí ti wo ìsìnkú. A rántí ẹni tó di fóònù náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Báwo ni ọmọdé ṣe máa bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ìgbéyàwó ọmọ Àǹtí ló gbé wa lọ, ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì la ní. Ìgbéyàwó gba ọjọ́ kan. Ní ti àwọn ọjọ́ yòókù, a ti kọ orúkọ gbogbo ibi tí a fẹ́ rí sínú fóònù wa láti ilé. Ìlú tí a ti ń wò nínú fíìmù àti nínú bọ́ọ̀lù láti kékeré, ṣé a máa débẹ̀ ká wá jókòó sílé?

Àǹtí ń gbé ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rin òpópónà tó ń jẹ́ Rye Lane, a rò pé wọ́n kàn gbé wa yí po, tí wọ́n tún já wa sílẹ̀ ní Kétu ni. Iṣu wà níta ṣọ́ọ̀bù. Ata rodo wà nínú abọ́ lórí tábìlì. Pọ̀ǹmọ́ wà, ẹja gbígbẹ wà, irun àtọwọ́dá wà. Obìnrin kan ń bá ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ nájà, Yorùbá pọ́nńbélé: "Ẹ fi èènì sí i, jàre." Àwọn kan tiẹ̀ ń pe àdúgbò náà ní Èkó kékeré. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń ké "Ọjọ́ta, Maryland, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Àwa méjèèjì la kọ́kọ́ ń dá jáde, nítorí pé Àǹtí ń lọ síbi iṣẹ́. A wọ bọ́ọ̀sì 12 láti Peckham, a jókòó sí òkè níwájú gan-an bí ọmọdé, bọ́ọ̀sì náà sì gbé wa gba orí afárá Westminster kọjá. A ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Big Ben kì í ṣe orúkọ ilé gogoro yẹn. Agogo ńlá tó wà nínú rẹ̀, tó ti ń dún láti 1859, ló ni orúkọ náà. Ilé gogoro fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Elizabeth Tower láti 2012. A dé Trafalgar Square, níbi tí Nelson, ọ̀gágun orí omi tó kú sójú ogun ní 1805, ti dúró lórí òpó gíga tí ojú ẹni ò lè rí imú rẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì a wọ bọ́ọ̀sì 177 lọ sí Greenwich. Ọkọ̀ ojú omi Nelson kan náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìgò ràgàjì kan ni wọ́n kó o sí, níta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn awakọ̀ òkun. Yinka Shonibare ló ṣe é, ẹni tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì dàgbà ní Èkó. Trafalgar Square ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dúró sí ní 2010, kó tó kó wá sí Greenwich. Ìgbòkun mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí ọkọ̀ yẹn, àǹkárá sì ni gbogbo wọn. A dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, à ń wá èyí tó jọ aṣọ ẹbí tí a ti wọ̀ rí.

Nígbà tí Àǹtí dé lálẹ́, a fi fọ́tò hàn wọ́n.

"Ó dáa o. Ibo nìyẹn?"

"Greenwich ni, Àǹtí. Bọ́ọ̀sì 177 ló gbé wa lọ."

"177 tí mo máa ń rí lójoojúmọ́ yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mi ò débẹ̀ rí."

A rò pé wọ́n ń fi wá ṣeré. A bi wọ́n nípa British Museum. Wọ́n ní àwọn máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Tower Bridge ńkọ́?

"Bọ́ọ̀sì ti gbé mi gba orí ẹ̀ kọjá. Mo sùn."

Ní òru ọjọ́ kẹrin, ìró omi nílé ìwẹ̀ jí wa. A bá Àǹtí jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì òru. Aago mẹ́rin ò tíì lù. A rò pé àwa nìkan la máa wà níbẹ̀, àfi bí a ṣe bá èrò. Àwọn obìnrin tó dé fìlà òtútù wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dán nínú òkùnkùn náà wà níbẹ̀. Àwọ̀ wa ni àwọ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Ẹnì kan ń sọ Yorùbá sórí fóònù, àwọn méjì ń sọ èdè Sípéènì, àwọn yòókù dijú lórí ìdúró. Iṣẹ́ tí Àǹtí ń ṣe nìyí: wọ́n ń gbá ilé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì mọ́ kí àwọn tó ni tábìlì tó dé. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á lọ tọ́jú ìyá arúgbó kan títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ. Bí a ṣe ń padà sílé, fóònù wa dún. Màámi ló fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ kú òru o. Mo ti dé Mile 12. Ọkọ̀ tòmátì ti wọlé láti Òkè Ọya." Ní oṣù Karùn-ún, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó máa ń bára mu, kò sí wákàtí kan láàárín. Ìyá wa àti àbúrò wọn ti jáde nílé ní àsìkò kan náà, àwa tí a wá wo ìlú nìkan la fẹ́ padà lọ sùn.

Láti ọjọ́ yẹn la ti ń bẹ Àǹtí pé kí wọ́n gba àyè fún wa, Sátidé kan péré. Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò? Òkúta?" Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé dé, wọ́n ti múra kí a tó jí. Ìró àti bùbá ìgbéyàwó ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú bàtà ìsáré tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́.

Ní ẹnu ọ̀nà British Museum, Àǹtí ṣí pọ́ọ̀sì. "Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Àǹtí."

"Ọ̀fẹ́ báwo?"

A rẹ́rìn-ín. Láti kékeré la ti máa ń fi orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa ṣeré: Kòsọ́fẹ́, kò sí ọ̀fẹ́. Ọmọ Kétu tí wọ́n bá sọ fún pé nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ wò. Àǹtí ò bá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnì kan ò sì sọ fún mi."

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n kó nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà sí. Àwọn idẹ Bìní wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó láàfin ní 1897, wọ́n to wọ́n sára irin láti òkè délẹ̀. Orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀ náà wà níbẹ̀. Agboolé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti hú u jáde ní 1938, nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ilà tín-ín-rín tín-ín-rín sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá ronú sí i. A ya fọ́tò tiwa, a fẹ́ máa lọ. Àǹtí ò kúrò. Wọ́n súnmọ́ gíláàsì náà, wọ́n sì kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí bàbá onílé.

"Ẹ ti pẹ́ níbí jù mí lọ, sà," wọ́n wí.

Láti ibẹ̀, Àǹtí fúnra wọn ló mú wa lọ síbi tó kàn. "Ẹ jẹ́ kí n fi ibi iṣẹ́ mi hàn yín." Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul ni. Lẹ́yìn iná tó jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666 ni Christopher Wren bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ní 1675, ó sì gba ọdún márùndínlógójì kó tó parí. Àǹtí na ìka sí fèrèsé kan ní àjà kẹrin ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn ni mo ti máa ń rí òrùlé rẹ̀ rìbìtì yìí, tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Mo máa ń nu gíláàsì títí tí á fi hàn kedere. Lẹ́yìn náà, mo máa lọ."

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ láti wọlé wo ṣọ́ọ̀ṣì náà. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ju owó tí ẹni tó ń gbálẹ̀ ń gbà fún wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n a ti kà á pé ẹni tó bá wá sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ ní aago márùn-ún kì í san kọ́bọ̀. Èyí la fi wọlé. Wọ́n fún wa ní àga, àwọn akọrin sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn gòkè lọ sínú òrùlé yẹn, ó sì pẹ́ kó tó padà. A wo Àǹtí lójú ẹ̀gbẹ́, ọkàn wa ń sọ pé wọ́n á ti sùn. Wọn ò sùn. Orí wọn wà lókè títí ìsìn fi parí.

Nígbà tí a jáde, wọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn ìta, wọ́n sì bọ́ bàtà.

"Mo mọ iṣẹ́ tí ìyá yín rán yín," wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé ni mo ti ń retí pé kí ẹ jẹ́ ẹ."

A ò lè sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí Màmá kú, ìwé mi ò tíì jáde. Tí mo bá lọ, mi ò ní lè padà wọlé, ọmọ mi sì wà níbí. Nígbà tí ìwé wá jáde, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ẹni tó bá ti òkè òkun dé, wọ́n á ní kó sọ ohun tó rí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo mọ àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ mẹ́rin?"

A wo ara wa. A ò ní ìdáhùn tó tó ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà a sọ òótọ́ tí a ní. A ní, "Àǹtí, Ìkòsí ni wọ́n bí wa sí, a ò sì tíì dé Ìgá Ìdúngànràn rí. A ò tíì rin Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn tó ti Brazil padà wá kọ́lé sí. Ilé kan wà ní Tinubu tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ìgbà tí wọ́n wó o ní 2016 la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó wà."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Màámi? Balógun ni wọ́n mọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n á ra ọjà, wọ́n á sáré padà sí Mile 12."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wọ bàtà padà, wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n ní kí a ya àwọn ní fọ́tò, kí ṣọ́ọ̀ṣì náà hàn lẹ́yìn dáadáa. "Kí fèrèsé mi náà hàn," wọ́n wí. Àwa ò mọ bí fèrèsé ẹ̀yìn ilé ṣe máa hàn nínú fọ́tò iwájú, ṣùgbọ́n a ní, "Ó hàn, Àǹtí."

Nígbà tí a dé Ìkòsí, Màámi wo gbogbo fọ́tò náà wàràwàrà, Big Ben, Nelson, ọkọ̀ inú ìgò. Èyí tí Àǹtí wà nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n dúró lé lórí. Wọ́n fi ìka méjì fà á títí ojú àbúrò wọn fi kún fóònù.

"Ó ti rù," wọ́n wí. Lẹ́yìn náà: "Kí ló ní kí ẹ sọ fún mi?"

A sọ gbogbo rẹ̀, títí dé ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Màámi dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ta ló fẹ́ bi í ní ohun tó rí? Kó máa bọ̀ jàre. Tó bá dé, gbogbo wa la jọ máa lọ wo Ìgá yẹn."

A ká ohùn wọn sílẹ̀, a sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, láìyọ nǹkan kan kúrò. Ọjọ́ méjì kọjá kí Àǹtí tó dáhùn. Wọn ò tíì dá ọjọ́ títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa dáhùn, BRT ni wọ́n béèrè. Ní 2008 ló bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Mọ́lúè àti dánfó ni wọ́n mọ̀.

"Ẹ̀yin ìbejì," ni wọ́n kọ, "èló ni wọ́n ń gbà ní BRT láti Kétu dé CMS?"