Ọ̀tá Mẹ́ta Lórí Tábìlì Kan

Ìjà ẹni méjì yàtọ̀ sí ìjà ẹni mẹ́rin. Fún ẹni méjì ni Richard Garfield ṣe Magic: The Gathering, tí Wizards of the Coast gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993. Oṣó ni oníkálukú, káàdì ilẹ̀ ló ń fún un ní agbára tí à ń pè ní mana, ẹ̀mí 20 ló sì ní. Ní Alaska ni àwọn kan ti yí i padà. Wọ́n mú dírágónì àgbà márùn-ún inú káàdì Legends ti ọdún 1994, wọ́n fi wọ́n jẹ olórí, wọ́n sì pe eré ọ̀hún ní Elder Dragon Highlander. Sheldon Menery, adájọ́ eré Magic, ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2011, Wizards fọwọ́ sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Commander. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Alaska yẹn, nítorí àwọn ló sọ eré náà di ọ̀rọ̀ àwùjọ.

Káàdì 100 ni ìdì ẹnì kọ̀ọ̀kan, olórí wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ilẹ̀ lásán, káàdì kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni mẹ́rin ló sábà máa ń ṣe é, ẹ̀mí 40 sì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Mana pupa kan péré ni káàdì Lightning Bolt ń jẹ, ẹ̀mí 3 ló sì ń bọ́ lára ẹni tó bá bà. Láàárín ẹni méjì, Bolt 7 ti tó láti parí ìjà. Lórí tábìlì Commander, ẹ̀mí 120 ni ọ̀tá mẹ́ta ní lápapọ̀. Bolt 14 ló máa gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 42 lápapọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni òfin gbà ọ́ láyè. Èyí tó tún le jù ni pé bí mo bá fi káàdì mi kan pa ẹ̀dá rẹ kan, ìyẹn káàdì tó ń jà fún ọ, èmi pàdánù ọ̀kan, ìwọ náà pàdánù ọ̀kan, àwọn méjì tó jókòó tì wá kò pàdánù ohunkóhun. Nínú ayò olópọ́n, ọmọ ayò tí mo bá jẹ, tèmi ni. Níhìn-ín, ẹni tó ń wòran ló ń jẹ èrè ìjà wa.

Nítorí náà, káàdì tó yẹ lójú tèmi ni èyí tó kan gbogbo tábìlì. Wrath of God ń jẹ mana 4, ó sì ń pa gbogbo ẹ̀dá, tèmi tìrẹ. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ kì í kánjú tú ẹ̀dá jáde. Á dúró kí àwọn yòókù kó tiwọn síta tán. Mo fẹ́ràn Rhystic Study jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbàkígbà tí ọ̀tá kan bá lo káàdì tí kì í ṣe ilẹ̀, àfi kó san mana 1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ á fa káàdì kan. Ẹ wo bó ṣe ń rí: ẹni mẹ́ta ló máa ṣe tiwọn kó tó tún kàn ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ san. Ẹnì kejì ní mana òun kò tó. Ẹnì kẹta gbàgbé. O ti fa káàdì méjì láìjà. Ghostly Prison náà dára: ẹni tó bá fẹ́ kọlù ọ́ gbọ́dọ̀ san mana 2 lórí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan. Kì í dá ogun dúró, ńṣe ló ń mú kí ogun yà sílé ẹlòmíràn.

Àṣehàn ló ń pa ènìyàn jù. Sol Ring ń jẹ mana 1, ó sì ń fúnni ní 2 ní gbogbo ìgbà tó bá kàn ọ́. Bó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ eré, ojú gbogbo àwọn yòókù ti yí sọ́dọ̀ rẹ. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹni tó bá fi mana yẹn rọra fa káàdì á pẹ́ lórí tábìlì. Ẹni tó bá fi sáré gbé olórí rẹ̀ síta, wọ́n á pa á kíá. Bẹ́ẹ̀, ìgbàkígbà tí o bá tún pe olórí, mana 2 á gun iye tó ń jẹ: olórí mana 5 á di 7, á di 9. Ìdì tí kò lè dá nǹkan ṣe láìsí olórí rẹ̀ kò ní ọjọ́ alẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso òfin Commander nígbà náà fòfin de káàdì Mana Crypt, Jeweled Lotus àti Dockside Extortionist nítorí irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, títí ìgbìmọ̀ fi gbé iṣẹ́ náà lé Wizards lọ́wọ́. Ó dùn mí gan-an. Káàdì kì í ṣe ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọmọ èèyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to ìdì tuntun, mo bẹ̀ yín, ẹ má yọ ilẹ̀ kúrò nítorí dírágónì kan sí i. Ẹ fi ilẹ̀ sí 37, ẹ fi káàdì tó ń fa káàdì sí mẹ́wàá, kí ẹ tó wá àyè fún dírágónì. Kí eré sì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi àwọn mẹ́ta tí ẹ jọ jókòó léèrè irú eré tí wọ́n bá wá.